Fámásì ìlú wa ní àwọn ò lè ta Suboxone fọ́mọ mi, kí ni kí n ṣe?

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi láti ìlú kékeré kan ní West Virginia, nọ́ọ̀sì ni, ọdún 9 ló ti wà níbẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, oògùn ìrora tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún ló di bárakú fún un, ó di pé ó ń ra pílì lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, Ọlọ́run ló yọ ọ́. A rí dókítà kan tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, oṣù márùn-ún rèé tó ti ń lo Suboxone, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí oògùn ìrora ti di bárakú fún, ojú ẹ̀ ti wálẹ̀, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Fámásì tá a ti ń rà á kógbá wọlé lóṣù tó kọjá. Ẹyọ kan tó kù nílùú wa ní àwọn ò gba oníbàárà tuntun fún oògùn yẹn, obìnrin tó wà ní kaúńtà ò tiẹ̀ wojú mi. Èyí tó tún wà lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan àtààbọ̀ ni nínú mọ́tò. Mẹ́fà ló kù nínú páálí. Àbúrò mi n'Íbàdàn ní kí n dá a padà sílé, kó jáwọ́ nínú gbogbo oògùn pátápátá, pé oògùn ni mo fi ń rọ́pò oògùn. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀ ni?"

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ má gbọ́ tàbúrò yín. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tó bá yá, àmọ́ mẹ́fà tó kù nínú páálí yẹn ló ká mi lára jù, torí tó bá jẹ́ méjì ló ń lò lójúmọ́ bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká wá oògùn ná, ìjà lè dúró.

Láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ pe gbogbo fámásì tó wà láàárín ibi tẹ́ ẹ lè wa mọ́tò dé, ẹ má yọ èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ sílẹ̀, ẹ má sì yọ ti ọsibítù sílẹ̀ tó bá ń tà fún ará ìta. Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé ẹ ní Suboxone, ọ̀pọ̀ àwa apòògùn kì í dáhùn ìyẹn lórí fóònù fẹ́ni tá ò mọ̀, olè là ń bẹ̀rù. Ẹ ní ọmọ yín ní ìwé dókítà fún buprenorphine pẹ̀lú naloxone (òun ló wà nínú Suboxone), báyìí báyìí ni dókítà kọ ọ́, oṣù márùn-ún ló ti ń lò ó, fámásì tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló kógbá wọlé, ṣé wọ́n lè bá yín ṣe é kó tó di ọjọ́ báyìí. Orúkọ Suboxone yẹn gan-an máa ń tì wọ́n sẹ́yìn nígbà míì, bẹ́ẹ̀ oògùn kan náà tí kọ́ńpìnì mìíràn ṣe lè wà lórí pẹpẹ wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni tó gbà, tí dókítà bá sì ti fi ìwé náà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà sí fámásì tó kọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti há síbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni òfin DEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ oògùn tó lófin nínú, ti gbà kí fámásì darí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọn ò tíì ta oògùn orí ẹ̀, sí fámásì mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ṣá. Kó tó di 2023, dókítà gbọ́dọ̀ tún un kọ, mo rántí báwọn èèyàn ṣe máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, tí wọ́n ń dúró kí dókítà gbé fóònù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní kaúńtà ò tíì gbọ́ nípa òfin tuntun yìí, ẹ bá apòògùn fúnra ẹ̀ sọ ọ́. Tẹ́ni tó gbà bá ní mẹ́wàá péré ló wà nílẹ̀, ẹ gba mẹ́wàá, irú oògùn yìí ṣeé tà ní díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ìyókù tí ọkọ̀ ẹrù bá dé.

Tó bá ku ọ̀kan nínú páálí tẹ́ ẹ ò tíì rí nǹkankan, kó lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù. Mo mọ̀ pé wọ́n á mú un jókòó pẹ́, àmọ́ dókítà ibẹ̀ lè fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó mú un lọ sílé, òfin gbà á láyè, ó sì lè kọ ìwé fún un pẹ̀lú. Kó mú páálí òfìfo tó ní orúkọ ẹ̀ lára dání. Tó bá jẹ́ Suboxone tó rí bíi bébà tín-ín-rín, tó máa ń yọ́ lábẹ́ ahọ́n, ló ń lò, tó sì ń rò ó pé kóun máa gé ti bébà yẹn sí wẹ́wẹ́ kó lè pẹ́, kó kọ́kọ́ bi dókítà ẹ̀, àmọ́ ìyẹn náà sàn ju kó parí pátápátá lọ.

Ìdí tí mò ń fi ń pariwo nìyí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà mọ̀ ọ́n: ara tí ò fojú kan fentanyl, oògùn líle tó máa ń wà nínú pílì àdúgbò, fún oṣù márùn-ún ti gbàgbé ẹ̀. Tí oògùn yìí bá dáwọ́ dúró lójijì, tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí inú ń ṣí, tí òtútù ń mú un láàárín òógùn, tí kò róorun sùn fún òru méjì, tó wá lọ bá àwọn ọmọ àdúgbò yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkankan, òun náà ló lè pa á.

Ní báyìí, obìnrin tí ò wojú yín yẹn. Mi ò gbè é lẹ́yìn o, àmọ́ mo ti dúró lẹ́yìn kaúńtà fún ọdún 16, mọ́kànlá nínú ẹ̀ láwọn ìlú kéékèèké ní ìlà-oòrùn Kentucky, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ wà gan-an ni Kermit wà, ìlú tí èèyàn ibẹ̀ tó bí 400, fámásì kan níbẹ̀ gba pílì hydrocodone, oògùn ìrora, tó sún mọ́ mílíọ̀nù 9 láàárín ọdún méjì péré. Ẹ rò ó wò. Ọdún 1996 ni wọ́n gbé OxyContin, oògùn ìrora mìíràn, jáde tí wọ́n ń sọ fáwọn dókítà pé kì í tètè di bárakú, nígbà tó máa di 2007 kọ́ńpìnì tó ṣe é ti gbà ní kóòtù pé àwọn jẹ̀bi irọ́ yẹn, àmọ́ àwọn ìlú orí òkè wa ti kún fún òkú. Nígbà tẹ́jọ́ wá dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ńpìnì tó ń kó oògùn lọ fún fámásì, àwọn mẹ́ta tó tóbi jù, McKesson, Cardinal Health àti AmerisourceBergen, fara mọ́ ọn lọ́dún 2021 pé àwọn máa san tó bílíọ̀nù 21 dọ́là láàárín ọdún 18 fáwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ jù nílẹ̀ yìí. Pẹ̀lú owó yẹn ni àdéhùn pé wọ́n á máa ṣọ́ iye oògùn tó lófin nínú tí fámásì kọ̀ọ̀kan ń rà, èyí tó bá ju òṣùwọ̀n lọ kí wọ́n dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ tó dára ni o, ta ni ò fẹ́ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ òṣùwọ̀n yẹn, wọn kì í sọ iye tó jẹ́ fún fámásì. Lọ́dún kan, fámásì kan nítòsí wa lé gbogbo àwọn tó ń lo buprenorphine dànù, mo bá gbà wọ́n, bí ogún èèyàn, láàárín oṣù mẹ́rin ọ́dà tí mò ń kọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ìlàjì. Mo pe kọ́ńpìnì tó ń gbé oògùn wá fún wa, mo ní kí ló dé, wọ́n ní mo ti kọjá òṣùwọ̀n, mo ní mélòó ni òṣùwọ̀n mi, ọmọbìnrin yẹn ní òun ò lè sọ. Mo ní báwo ni mo ṣe máa wá mọ ìgbà tí mo máa kọjá ẹ̀, ó ní tí ọ́dà mi ò bá wọlé màá mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe. Mo kọ lẹ́tà, mo ka orúkọ àìsàn àwọn èèyàn náà, mo ní kò sí fámásì mìíràn láàárín máìlì 30, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó fi díẹ̀ kún un. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn èmi náà dá èèyàn méjì padà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ibi tí ọ̀kan nínú wọn wà dòní.

Nítorí náà tí apòògùn bá ní "a ò gba oníbàárà tuntun," ohun tó ń sọ lábẹ́ ẹnu ni pé tóun bá gba ọmọ yín, àwọn tóun ti ní lè má rí tiwọn lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn kan wà o, òótọ́ ni, tí wọn ò fẹ́ rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n rò pé olè ni gbogbo wọn. Èmi ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn olùwádìí kan pe fámásì 921 láwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí àlòjù oògùn ti ń pa èèyàn jù, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń wá oògùn yìí, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2021: bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ní àwọn ò ní tà á, àwọn fámásì aládàáni tí kò sí lábẹ́ kọ́ńpìnì ńlá àti tìhà gúúsù ló kọ̀ jù.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ìjọba ti ṣe apá tiwọn lọ́dọ̀ dókítà. Ọdún 2002 ni wọ́n fọwọ́ sí oògùn yìí fún ẹni tí opioid, ìyẹn irú oògùn bíi hydrocodone àti fentanyl, ti di bárakú fún, ṣùgbọ́n fún ogún ọdún, dókítà tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àkànṣe, wọ́n tún ń ka iye èèyàn tó lè tọ́jú, 30 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 100, lẹ́yìn náà 275. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2022 wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì àgbà èyíkéyìí tó bá ní nọ́ńbà DEA tó tó lè kọ ọ́ lónìí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ gbayawu, géètì ìta ṣì wà ní títì, àwa tá a wà ní fámásì la dúró sí géètì.

Báwo lẹ ṣe máa bá a sọ̀rọ̀? Ẹ padà sí fámásì ìlú yín yẹn, ẹ má lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé ń tò, ẹ lọ ní bí aago méjì ọ̀sán, ẹ béèrè olórí apòògùn, kì í ṣe ẹni tó ń gba owó. Kí ọmọ yín bá yín lọ. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀, káàdì inṣọ́ránsì, páálí òfìfo, nọ́ńbà dókítà. Ẹ sọ fún un pé dókítà kan ṣoṣo ni, ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan náà lẹ máa wá lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ wo àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó máa rí i níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi í: "Tí mo bá pè yín ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, ṣé ẹ lè máa ra ti ọmọ mi pọ̀ mọ́ ọ́dà yín?" Ìbéèrè yẹn máa ń tu ọkàn wa lára, torí ohun tí à ń bẹ̀rù ni ẹni tó máa dé lójijì ní Fúráìdè, tí ọkọ̀ ẹrù ò sì ní wá mọ́ títí di Mọ́ńdè.

Nǹkan mélòó kan wà tó máa ń mú wa fura, tẹ́ ẹ lè yẹra fún: kéèyàn ní inṣọ́ránsì síbẹ̀ kó fẹ́ san owó lọ́wọ́, kó máa wá ṣáájú ọjọ́ ẹ̀, kí dókítà wà ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè jẹ́ ìṣòro tiyín torí fóònù ni dókítà yín. Láti ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí lórí fóònù láìfojú kanra, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, àmọ́ apòògùn tí ò mọ orúkọ dókítà yẹn rí á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ẹ ní kí dókítà fúnra ẹ̀ pe apòògùn yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo ti rí i tó yí ọkàn èèyàn padà ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ. Ẹ sì ní kó kọ ìwé náà lọ́nà tó jẹ́ pé tí ti bébà ò bá sí, kí wọ́n lè fún un ní oníhóró. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ti bébà lè wọ́n wá tí oníhóró wà nílẹ̀, oògùn kan náà ni, abẹ́ ahọ́n kan náà ni.

Tó bá tún kọ̀, òfin ò fipá mú un, apòògùn lè kọ̀ tí ìwé bá rú u lójú, ojúṣe tiẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kó má tiẹ̀ wo ìwé, kó kàn ní àwọn ò ta á fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ní oṣù Kẹrin 2022, iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ lákọsílẹ̀ pé ẹni tó ń lo oògùn yìí bí dókítà ṣe kọ ọ́ wà lábẹ́ ààbò òfin tó ń dáàbò bo àwọn tó ní àléébù ara. Ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó kọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó fámásì ní ìpínlẹ̀ yín àti sí inṣọ́ránsì yín. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tọ́mọ yín bá ti ní oògùn lọ́wọ́ o, kì í ṣe ṣáájú.

Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, màá bi dókítà nípa abẹ́rẹ́. Buprenorphine kan náà ni, Sublocade tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2017 tàbí Brixadi ti 2023, wọ́n á gún un sábẹ́ awọ, oṣù kan lẹ́ẹ̀kan, Brixadi tiẹ̀ ní ti ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú. Wọn kì í fi lé aláìsàn lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ìlera ló ń gún un, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ kaúńtà ti kúrò níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ máa wa wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Ó wọ́n, inṣọ́ránsì á béèrè àlàyé, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí náà kí dókítà bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀ báyìí. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ lọ gba methadone dípò, ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ Amẹ́ríkà ibí, fámásì ò lè tà á fún ìtọ́jú bárakú, àfi ilé ìtọ́jú àkànṣe, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n ní ìgbèríko. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́míìsì ní London máa ń yà wá lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń bu methadone fún aláìsàn ní kaúńtà, kó mu ún níwájú àwọn, kó máa lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ Faransé gba gbogbo dókítà láyè láti kọ buprenorphine ní 1995, ẹni náà á lọ rà á ní fámásì àdúgbò ẹ̀, nígbà tó fi máa di 1999, àwọn tí àlòjù ń pa ti fi 79 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Níbí ńkọ́, à ń fònídónìí, fọ̀ladọ́la.

Ó wá ku àbúrò yín. Ìfẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀, àwọn tó wà nílé máa ń rò pé afẹ́fẹ́ ilé á mú nǹkan kúrò lára ọmọ. Ẹ ṣàlàyé fún un báyìí: ibì kan wà nínú ọpọlọ tí oògùn wọ̀nyí ń jókòó sí. Fentanyl á jókòó síbẹ̀, á máa ta gìrì, títí èèyàn á fi gbàgbé láti mí. Buprenorphine á jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ara á balẹ̀, kò ní ro ó, àmọ́ kò ní kun ún, tó bá sì ti jókòó, ó ṣòro fún òmíràn láti tì í dìde. Ó ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ, tẹ́ ẹ fi kún un kò ní tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn tó ń lò ó, iye tó ń kú nínú wọn tó ìlàjì iye tó ń kú nínú àwọn tí ò lò ó. Ọmọ yín ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ fi ìyẹn dá a lóhùn.

Ìbàdàn wá ńkọ́? Mi ò fẹ́ bu ilé, ilé mi ni. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 ní bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, Èkó jẹ́ 33, Ọ̀yọ́ jẹ́ 23. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn náà ni ìjọba fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ tramadol mọ ibi tó máa rí i. Oògùn tó ń gbà á là níbí kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rí ní kẹ́míìsì Dùgbẹ̀, oògùn tó lè dá a padà sínú ẹ̀ ló máa rí. Ẹ fẹ́ mú ọmọ kúrò níbi tí oògùn rere ti wọ́n, ẹ fẹ́ gbé e lọ síbi tí kò tiẹ̀ sí.

Nǹkan kéékèèké tó kù: Narcan tí wọ́n ń fọ́n sí imú, tó ń jí ẹni tó lo oògùn lálòjù, ò nílò ìwé dókítà mọ́ láti 2023, ẹ ra méjì, ọ̀kan sí kíṣìnnì, ọ̀kan sínú mọ́tò, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han gbogbo ẹni tó wà nílé. Tí ọmọdé bá máa ń wá sílé yín, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí páálí oògùn yẹn wà, bébà kan péré lè pa ọmọ kékeré. Kó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tó bá ti yọ́ tán, kó dúró fún wákàtí kan kó tó fọ eyín, ó máa ń ba eyín jẹ́, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ ẹ̀ lọ́dún 2022. Tí fóònù dókítà bá dákẹ́ tẹ́ ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa yà sí, ẹ pe 1-800-662-4357, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru, wọ́n á sọ ibi ìtọ́jú tó sún mọ́ yín.

Ẹ kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọ̀la, ẹ sọ mélòó ló kù nínú páálí.